Bíà Wo Ló Bá Àsun Mu? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bíà, Oúnjẹ àti Àwọn Tó Mọ̀ Wọ́n Pọ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín yín tí ẹ̀sìn wọn kò gba ọtí láàyè. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò kàn yín náà, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ata àti ahọ́n kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ì báà jẹ́ bíà ló wà nínú ife, ì báà jẹ́ mọ́ọ̀tì.

Bí ènìyàn bá wọ ilé ọtí lálẹ́, ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ tàbí Ìkẹjà, ohun àkọ́kọ́ tí wétà yóò bi í ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa mu?" Oníbàárà yóò dárúkọ bíà kan, ìgò yóò dé, wọn yóò ṣí i. Ìgbà tí ìgò bá ti dé ìdajì ni ọ̀rọ̀ ẹran tàbí ẹja yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Ó ṣọ̀wọ́n kí wétà kọ́kọ́ bèèrè ohun tí oníbàárà fẹ́ jẹ, kí ó tó wá dábàá ohun tí yóò bá a mu. Àbájáde rẹ̀ ni pé alásè lè lo wákàtí mẹ́ta nídìí àsun, kí ohun tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ba gbogbo làálàá náà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé láàárín ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọtí àti tábìlì oníbàárà, ó yẹ kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bíà, láti tọ́jú rẹ̀, kí ó sì mọ oúnjẹ tí ó yẹ. Ó yẹ kí a kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, lórí oúnjẹ tiwa.

Nílẹ̀ òkèèrè, èyí ti di iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ́, tí wọ́n ń ṣèdánwò fún un kí wọ́n tó fún un níwèé ẹ̀rí. Lára àwọn tó la ọ̀nà náà ni oníròyìn kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1942. Michael Jackson lorúkọ rẹ̀. Orúkọ nìkan ló pa òun àti olórin Amẹ́ríkà nì pọ̀. Ní 1977 ó gbé ìwé The World Guide to Beer jáde, ó sì to bíà ayé sínú rẹ̀ ní ìdílé-ìdílé: èyí tí wọ́n ń pọn nínú òtútù tí ó ń mọ́ gaara, bíi lager, èyí tí wọ́n ń fi ọkà yíyan dúdú ṣe, bíi stout, èyí tí àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ń pọn nínú ọgbà ilé ìsìn wọn. Títí ó fi kú ní 2007, kò dẹ́kun sísọ pé bíà tọ́ sí ọ̀wọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ààrò gan-an ni Garrett Oliver. Adúláwọ̀ ọmọ New York ni. Ó lọ gbé London ní 1983, ibẹ̀ ló ti bá ale tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fà láti inú àgbá pàdé. Nígbà tó padà sílé, kò rí irú rẹ̀ rà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ nínú yàrá ìdáná. Láti 1994 ló ti jẹ́ olórí apọntí ní Brooklyn Brewery. Ní 2003 ó kọ The Brewmaster's Table, ìwé tó mú àwọn bíà ayé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń sọ oúnjẹ tí ó yẹ kí a fi wọ́n jẹ. Ní 2011 òun ni olóòtú ìwé atúmọ̀ ńlá tí wọ́n pè ní The Oxford Companion to Beer. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í bá àwọn olólùfẹ́ wáìnì jiyàn lẹ́nu lásán. Wàràkàṣì kan náà ni yóò gbé síwájú wọn, pẹ̀lú wáìnì lọ́tùn-ún àti bíà lósì, kí ahọ́n wọn fúnra rẹ̀ dájọ́. Ní 2020 ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ran àwọn adúláwọ̀ lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ọtí pípọn, ó sì fi orúkọ Michael Jackson oníròyìn nì sọ ọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ó ti ń fi fonio pọn bíà, ọkà wẹ́wẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn Haúsá ń pè ní acha. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tó ga báyìí nínú iṣẹ́ náà kọjú sí ọ̀dọ̀ wa láti wá ọkà.

Chicago ni onímọ̀ bíà mìíràn, Ray Daniels, wà ní tirẹ̀. Ohun tó ká a lára ni bíà rere tó máa ń bàjẹ́ nílé ọtí kó tó dé ọwọ́ ẹni tó sanwó rẹ̀: àgbá tí wọ́n gbé sínú ooru, páìpù tí wọn kò fọ̀, ife tó dọ̀tí, wétà tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ohun tó ń tà. Ní 2008 ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí ó pè ní Cicerone. Ìpele mẹ́rin ló ní. Ìpele àkọ́kọ́ wà fún àwọn tó ń gbé ọtí fún oníbàárà. Ní ìpele kejì, ènìyàn gbọ́dọ̀ gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó yege. Èyí tó ga jù, Master Cicerone, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ̀wé, yóò dáhùn lẹ́nu, yóò tọ́ bíà wò láìmọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló sì ń yọrí níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn pẹ̀lú: láti 2004 ni ilé ẹ̀kọ́ Doemens, lẹ́bàá ìlú Munich, ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ bíà tí wọ́n ń pè ní sommelier bíà, láti 2009 ni wọ́n sì ti ń díje fún ipò aṣíwájú àgbáyé.

Ohun márùn-ún ni ìdánwò Cicerone máa ń béèrè: bí a ṣe ń tọ́jú bíà àti bí a ṣe ń gbé e fún ènìyàn, irú bíà tó wà, bí a ṣe ń tọ́ ọ wò, bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́, àti bí a ṣe ń fi í jẹun. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtọ́jú ló ṣáájú, oúnjẹ ló kẹ́yìn. Mo gbà pé ètò náà tọ́. Àwọn ènìyàn rò pé onímọ̀ bíà ni ẹni tó lè sọ̀rọ̀ dídùn nípa òórùn òdòdó àti ti èso nínú ife. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà ìdánwò, wọ́n a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù sínú bíà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ ọ wò, kó sì sọ ohun tó ṣe é: ṣé oòrùn ló pa á ni, ṣé ó ti gbó ni, ṣé páìpù ìdọ̀tí ló ti ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè dá bíà tó ti bàjẹ́ mọ̀, kò tíì tó ẹni tí yóò bá mi yan èyí tí n óò fi jẹ ẹja.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí bíà àti oúnjẹ ṣe ń bára wọn ṣe lẹ́nu.

Ọkà ni bíà ti wá. Wọn á rẹ ọkà náà títí yóò fi hù, wọn á gbẹ ẹ́, wọn á yan án. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni òórùn rẹ̀ yóò ṣe rí: ti búrẹ́dì, ti àgbàdo sísun, ti kòkó, ti kọfí. Ohun kan náà tó ń mú ara ẹran orí ààrò pọ́n kó tó dúdú, tó ń mú etí dòdò dùn ju àárín rẹ̀ lọ, ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkà nígbà tí wọ́n bá ń yan án. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. Ìdí nìyẹn tí stout àti súyà fi ń dára wọn mọ̀ bí wọ́n bá pàdé. Iná kan náà ló tọ́ wọn. Àwa tí à ń gbin kòkó ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun kò yẹ ká máa gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò pé stout àti ṣokoléètì dúdú bára wọn mu, nítorí èso kòkó àti ọkà inú stout, yíyan ló sọ àwọn méjèèjì di ohun tí wọ́n jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú bíà àti kíkorò họ́ọ̀pù, òdòdó tí wọ́n ń fi pọn ọ́. Àwọn méjèèjì a máa gé ọ̀rá kúrò lórí ahọ́n. Ẹ jẹ àkàrà gbígbóná méjì tẹ̀ léra wọn: èkejì kì í dùn tó èkíní, nítorí òróró ti bo ahọ́n. Ẹ fi lager tútù díẹ̀ sáàárín wọn, ẹ ó rí i pé ẹnu ti padà sípò. Iyọ̀ pẹ̀lú a máa tẹ kíkorò rì. Ní London, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn tálákà ń fi stout jẹ ẹran ìkarahun òkun tí wọ́n ń pè ní oyster, omi iyọ̀ ara ẹran náà ló sì ń sọ stout kíkorò di ohun tó rọ̀ lọ́fun. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, bíà ni wọ́n fi ń se ẹran màlúù, òun náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwọn mọ́ńkì Chimay ń ṣe bíà àti wàràkàṣì pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan náà. Àjọ UNESCO ka àṣà bíà orílẹ̀-èdè yẹn mọ́ ogún ìran ènìyàn ní 2016. Gbogbo èyí dára, a sì lè kọ́ ohun púpọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ata, ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti ń yapa. Ẹ ó máa gbọ́ ọ pé bíà kíkorò líle bí IPA ló bá oúnjẹ aláta mu. Ẹni tó bá fi ata rodo gidi dán an wò yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ata kì í ṣe adùn bíi ti iyọ̀ tàbí ṣúgà. Ìrora ni. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní capsaicin a máa lọ jókòó sórí iṣan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kìlọ̀ fún ọpọlọ pé iná ń jó ẹnu. Bí nǹkan bá gbóná tó nǹkan bí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni iṣan náà máa ń kígbe. Ata a mú un kígbe láìsí iná kankan. Ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Nature Neuroscience ní 2002 tó fi hàn pé ọtí náà a máa dé ọ̀dọ̀ iṣan yìí kan náà, a sì máa fa òṣùwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ láti bí 42 sí bí 34. Ara wa fúnra rẹ̀ sì wà ní 37. Ìdí nìyẹn tí ògógóró fi ń ta ọ̀fun bí ẹni gbé ẹ̀yinná mì. Bí a bá wá kó ọtí líle lé ata lórí, àwọn méjèèjì yóò pawọ́ pọ̀ tẹ iṣan kan ṣoṣo. Kíkorò họ́ọ̀pù yóò tún kún un, afẹ́fẹ́ tó ń hó yóò sì máa ta ibi tó ti gbọgbẹ́. Àwọn kan a máa sọ pé capsaicin kì í yọ́ nínú omi, pé nínú ọtí ló ń yọ́, nítorí náà kí bíà fọ̀ ọ́ lọ. Òtítọ́ ni pé ó ń yọ́ nínú ọtí, ṣùgbọ́n bíà tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì tó fọ ohunkóhun.

Kí ló wá ń tu ata lójú? Adùn mọ́ọ̀tì ni, àti òtútù fún ìgbà díẹ̀, àti ọ̀rá. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà dára púpọ̀ fún un. Bíà tí ọtí rẹ̀ kò le, tí kò korò jù, tí adùn ọkà rẹ̀ ṣì hàn, òun ló yẹ kó sún mọ́ ata. Níbi yìí ni ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí ti borí: ìgò mọ́ọ̀tì kan, tí kò ní ọtí rárá, tó sì dùn, ń tu ata ju ọ̀pọ̀ bíà lọ. Ilé oúnjẹ tó bá ń gbé mọ́ọ̀tì fún ọmọdé nìkan ń fi ohun rere ṣòfò.

Èyí mú mi dé orí stout Guinness tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Odeku. Ìtàn rẹ̀ tọ́ láti mọ̀, nítorí òun ló ṣàlàyé adùn rẹ̀. Ní 1801, Guinness ti ìlú Dublin kọ ọ̀nà pípọn bíà kan sílẹ̀ fún àwọn erékùṣù Caribbean. Wọ́n fi họ́ọ̀pù kún un, wọ́n sì jẹ́ kí ọtí rẹ̀ le, kí ó má baà kan lórí òkun. Ní 1827 ni bíà ilé iṣẹ́ náà dé Sierra Leone. Ní 1962 wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan sí Ìkẹjà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé láti oṣù January 1988, àwọn apọntí orílẹ̀-èdè yìí yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Títí di òní, ọkà tiwa ló wà nínú stout náà, tí wọ́n sì ń da omi dúdú kíki tó ń ti Dublin wá pọ̀ mọ́ ọn. Ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà bíà tí wọ́n mú le nítorí ìrìn àjò òkun ló wá bá ata ilẹ̀ wa pàdé lórí tábìlì kan.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Súyà tí yàjì orí rẹ̀ kò pọ̀, tí etí rẹ̀ jó díẹ̀, tí a gé àlùbọ́sà sí, kò sí ohun tó tún bá a mu ju stout lọ. Dòdò tó pọ́n dáadáa náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà tó jó lára rẹ̀ àti òórùn yíyan inú stout, ìbátan ni wọ́n. Àmọ́ bí wọ́n bá ti da yàjì bo súyà, tàbí bí àsun bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń se ní Oǹdó àti Èkìtì, tí ata rẹ̀ ń mú imú ṣomi, stout yóò sọ ẹ̀yinná náà di iná igbó. Lager ni kẹ́ ẹ gbé wá, tàbí mọ́ọ̀tì. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ kí ata ta wọ́n títí òógùn yóò fi bò wọ́n. Wọn kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ kò ju kó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí oníbàárà yan tirẹ̀ lójú méjèèjì.

Ẹja àrọ̀ inú pẹpẹ súùpù yàtọ̀. Ooru ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ti ata lẹ́yìn, èèrù àti àríwó inú rẹ̀ sì ní òórùn tí kò yẹ kí ohunkóhun bò mọ́lẹ̀. Lager tó fúyẹ́ ló tọ́ síbẹ̀. Bí mo bá ní agbára, bíà funfun ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni mo fẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja àrọ̀, irú èyí tí Pierre Celis jí dìde ní Hoegaarden láàárín àwọn ọdún 1960, tí wọ́n ń fi èèpo ọsàn àti èso coriander sí. Kò korò, ó sì ń ta sánsán bí ewé tútù. Ìgbín díndín, lager náà ni. Mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú. Ní ti àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, omi tútù ni kẹ́ ẹ gbé wá. Oúnjẹ òkèlè máa ń kún inú, afẹ́fẹ́ bíà yóò kàn máa bá a jà sí àyè ni.

Mo ti lo àkókò púpọ̀ lórí adùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí yóò wúlò bí ìgò bá ti bàjẹ́ kó tó dé tábìlì. Ohun tó ń pa bíà lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́ ni oòrùn. Ẹ wo bí a ṣe ń to páálí bíà síta ìsọ̀ láti òwúrọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa fọ́ kíkorò họ́ọ̀pù sí wẹ́wẹ́, èyí tó bá sì jáde nínú rẹ̀ a máa rùn, tó fi jẹ́ pé imú kì í ṣì í mọ̀. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń dáàbò bo bíà dáadáa. Ìgò aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara kò lè ṣe púpọ̀. Ooru náà ń mú un gbó. Bíà tó bá ti gbó a máa ní ìtọ́wò páálí tí omi rin. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti mu irú rẹ̀ pẹ́ débi tí wọ́n fi rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn apọntí ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé e jáde ní pípé, a sì ń fi àìbìkítà sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Ní ti òtútù, mo mọ̀ pé oòrùn ilẹ̀ wa le, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ fẹ́ ohun tútù. Lager tó bá wà láàárín 4 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù tó. Bí ó bá ti ń di yìnyín, ahọ́n kú nìyẹn, kò sí adùn tó lè gbọ́ mọ́. Stout líle kò fẹ́ òtútù tó bẹ́ẹ̀. Láàárín 10 sí 13 ni adùn kòkó inú rẹ̀ ti ń jáde. Bí fíríìjì kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ gbé stout síbi tí òtútù rẹ̀ kò pọ̀, tàbí kí ẹ gbé e jáde ṣáájú kí súyà tó jinná.

Ife ńkọ́? Kànrìnkàn tí wọ́n fi fọ abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń fọ ife bíà ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ. Epo pupa tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ló ń pa ìhó bíà. Bí ẹ bá da bíà sínú ife tí ẹ rí i pé ìhó wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ife nínú lọ́hùn-ún, ìdọ̀tí wà níbẹ̀, bó ti wù kí ife náà máa dán tó. Ẹ ya kànrìnkàn ife sọ́tọ̀. Kò ná ni lówó. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìhó wà lórí bíà bí ìka méjì. Àwọn ènìyàn wa máa ń rò pé ẹni tó jẹ́ kí ìhó gba ojú ife ti rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n á tẹ ife títí bíà yóò fi dà wọ̀ ọ́ láìhó. Inú ìhó ni òórùn bíà ń gbà jáde. Afẹ́fẹ́ tí kò bá sì jáde nínú ife, inú ikùn ni yóò ti jáde.

Apá kan iṣẹ́ yìí tí n kò gbọ́dọ̀ fò ni ti ìwọ̀n. Ìgò stout tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó bá tóbi bákan náà pẹ̀lú ìgò lager tó jẹ́ 5, ìgò lager kan ààbọ̀ ni ọtí inú rẹ̀. Ẹni tó mu méjì ti mu mẹ́ta. Wétà tó bá mọ èyí, tó sì rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí tábìlì, ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹni tó ń fi bíà jẹun, tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láàárín òkèlè, kì í sábà mu tó ẹni tó ń mu ún lásán. Inú ìtàn wa ni ọ̀rọ̀ Ọbàtálá tí ẹmu pa wà. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ohun tí ọtí lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn ìyá wa àtijọ́. Kí bíà ìgò tó dé, a ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn, a ní ọtí ọkà, a ní agadagídí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ṣe. Obìnrin ló ń ṣe é jù. Wọn á rẹ ọkà, wọn á tẹ́ ẹ sórí ewé títí yóò fi hù, wọn á sá a, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é, wọn á sì jẹ́ kó kan. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, obìnrin ló ń pọn tchoukoutou títí di òní, ọwọ́ ẹni tó pọn ọ́ ni oníbàárà sì ti ń gbà á. Ọwọ́ kan náà ló pọn ọ́, òun ló tọ́ ọ wò, òun ló bù ú sígbá, òun ló sì mọ̀ bóyá àná ló dára jù tàbí òní. Kíkan tó wà nínú irú ọtí bẹ́ẹ̀ a máa gé ọ̀rá ẹran bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń gé e. Nígbà tí wọ́n dá Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, tí ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní June 1949, ìmọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ìyá onígbá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà nínú ilé iṣẹ́ ńlá. Iléṣà gba tirẹ̀ ní 1978, nígbà tí Trophy bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí mọṣẹ́ wọn. Àmọ́ iṣẹ́ wọn parí sí ẹnu géètì. Ẹni tó wà lẹ́yìn géètì, tó ń ta ọtí, tó ń gbé e, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí ìyá onígbá mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀kọ́ bíà sínú ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi àsun àti àkàrà kọ́ wọn. Ẹ̀yin onílé oúnjẹ, ẹ pe àwọn wétà yín jókòó kí ilé tó ṣí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n ń tà, kí wọ́n mu díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì sọ ohun tí ẹnu wọn gbọ́. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí kò lè dámọ̀ràn rẹ̀. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ ọtí, owó tí ẹ ń ná sórí orin àti ìpolówó pọ̀. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ẹni tó ń ṣí ìgò yín.

Tábìlì tó wà lápá ọ̀tún yín ní ife kéékèèké mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: lager, stout àti mọ́ọ̀tì. Abọ́ àsun wà níbẹ̀, dòdò náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í mutí, ife omi tútù ni kó fi rọ́pò méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ sílé, kó tọ́ tirẹ̀ wò kó tu ú sínú ike tó wà nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ ẹyọ àsun kan, ẹ mu lager, ẹ dúró títí ata yóò fi lọ. Ẹ jẹ òmíràn, ẹ mu stout. Ẹ jẹ ẹ̀kẹta, ẹ mu mọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi stout yín jẹ dòdò. Ìwé àti bírò wà lórí àga yín. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ èyí tó mú ata pọ̀ sí i àti èyí tó tù ú lójú, kó má wo ìwé ẹnìkejì. Bí a bá ti gba àwọn ìwé náà jọ, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbéèrè.